Ọwọ́ Tó Ń Dúró De Ìmọ́lẹ̀

Òru ni mo máa ń ṣe iṣẹ́ yìí,
nítorí oògùn inú ìgò mi kò gbọdọ̀ rí oòrùn.
Mo fi bébà fàdákà wé e bí ẹni wé mọ́ínmọ́ín,
mo fa kọ́tìnì, mo fi páálí dí ihò ojú fèrèsé
níbi tí iná géètì Ọbáńlá ti ń yọjú wọlé.

Akínnúolú, bàbá mi, béèrè lórí fóònù:
"Kí lò ń wá nínú òkùnkùn, ìwọ ọmọ yìí?"
Mo ní, "Bàbá, mo ń wá ẹni tó jókòó ti ẹni."

Nǹkan tó ń sọ kókó yín di dúdú lóko Ọ̀dà,
tó ń ra èso lórí igi kó tó pọ́n,
ó ní irin iṣẹ́ kékeré kan tó fi ń fọ́ ilẹ̀kùn.
Purotéènì ni. Ojú lásán kò lè rí i.
Òwú kan tí a sin ìlẹ̀kẹ̀ sí,
igba ìlẹ̀kẹ̀ ó lé mẹ́tàdínlógún,
àmọ́ kò na gbọọrọ bí okùn ìsáṣọ;
ó ká, ó lọ́, ó tún ki orí bọ abẹ́ ara rẹ̀,
tó fi jẹ́ pé ìlẹ̀kẹ̀ kẹsàn-án
lè máa fara kan igba ìlẹ̀kẹ̀,
bí ará Ìjọ̀kà ṣe ń fèjìká kan ará Òkè-Àró
nínú ọkọ̀ tó kún.
Mo fẹ́ mọ bó ṣe ká.
Ẹni tó bá mọ bí ìdè ṣe so
ló mọ ibi tí yóò ti tú u.

Oògùn mi rèé: ọwọ́ méjì ló ní.
Ọ̀kan ti di purotéènì mú láti ìrọ̀lẹ́.
Èkejì di ẹ̀ṣẹ́, ó ń sùn.
Bí mo bá tan iná tó kọjá àwọ̀ àlùkò,
iná tí ojú ènìyàn kò rí,
ẹ̀ṣẹ́ náà á tú, á mí èémí kan ṣoṣo,
afẹ́fẹ́ lásán, irú èyí tó kún inú yàrá,
á sì gbá ohun tó bá wà nítòsí mú.
Kì í yàn. Kò ráyè yàn.

Òru mẹ́ta àkọ́kọ́, omi ló dì mọ́.
Omi ló pọ̀ jù nínú ìgò.
Ọmọ́tádé tí a jọ ń ṣiṣẹ́ rẹ́rìn-ín, ó ní,
"A nawọ́ sí ẹ̀gbọ́n, àlejò ló gbà á."
Òru kẹrin, ìṣẹ́jú kẹjọ là ń kà
tí àwọn oníná fi mú iná lọ.
Jẹnẹrétọ̀ kọ̀, kò dáhùn.
A jókòó, ẹ̀fọn ń fi wá ṣe oúnjẹ.

Níbẹ̀ ni mo ti rántí yàrá wa ní Ọ̀dà.
Ọdún tí kókó ò ṣe dáadáa,
bàbá àti ìyá mi ò bára wọn sọ̀rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko.
Bí ìyá mi bá fẹ́ iyọ̀, èmi ni wọ́n á rán sí bàbá,
bẹ́ẹ̀, wọn ò jìnnà síra wọn tó ìgbọ̀nwọ́ mẹ́ta.
Alẹ́ ọjọ́ kan iná lọ. Kò sẹ́ni tó fọhùn.
Ó pẹ́. Lójijì iná dé, àdúgbò hó yèè,
mo sì rí i kí wọ́n tó já a gbà:
ọwọ́ bàbá mi wà nínú ọwọ́ ìyá mi.

Iná tiwa padà ní aago mẹ́ta. A tún un bẹ̀rẹ̀.
A gé purotéènì náà wẹ́wẹ́, a dì í sínú yìnyín,
ó gba Ìbàdàn lọ síbi tí òṣùwọ̀n rẹ̀ wà.
Ìwé dé lánàá: ìlẹ̀kẹ̀ kẹsàn-án àti igba ìlẹ̀kẹ̀,
wọ́n wà nítòsí ara wọn nígbà tí iná tàn.
Ìyẹn nìkan ló kọ.
Kò kọ ẹni tó kọ́kọ́ nawọ́.

Mo pe bàbá mi, mo bi í léèrè alẹ́ ọjọ́ náà.
Ó dákẹ́ títí owó fóònù mi fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán.
Ó ní, "Òkùnkùn ṣú. Ìṣáná ni mò ń wá."